Báwo ni mo ṣe lè fi òwú dúdú àti funfun nìkan ya ẹtù sára aṣọ?

Abẹ́rẹ́ Kékeré béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Mò ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ya àwòrán ẹtù, ìyẹn awó, sára aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun, n kò sì fẹ́ lo òwú mìíràn ju dúdú àti funfun lọ. Mo fi ìrán kan ṣoṣo, èyí tí òwú fi ń sùn ti ara wọn títí tí aṣọ kò fi hàn mọ́, dí gbogbo ara ẹyẹ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e jìnnà sójú, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí tàdáwà dà sí aṣọ. N kò mọ apá yàtọ̀ sí ìrù. Kí ni kí n ṣe? Àwọn àmì funfun róbótó ara rẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n dá ojú aṣọ sí ni, àbí kí n fi òwú funfun lé orí dúdú?

Màmá Olówùú dáhùn:
Ọmọ mi, ìrán kan ṣoṣo tí o lò ni ó fa á. Bí òwú bá ṣe sùn ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé e, nítorí náà òwú dúdú kan náà kì í dúdú bákan náà níbi gbogbo. Ìrán tí o lò yẹn máa ń dán. Bí o bá darí rẹ̀ síbòmíràn nígbà tí o bá dé ìrù, dúdú méjì ni ojú yóò rí. Ìrán oníkókó, èyí tí a ń lọ́ òwú mọ́ abẹ́rẹ́ kí a tó gún un padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó ti jáde, kì í dán rárá, wúruwùru ni ó ń rí, ó sì dára fún àyà. Fi ìrán tí ó dà bí ẹ̀wọ̀n to ìyẹ́ apá. Ní ọrùn, gún òwú ṣókí-ṣókí sí ọ̀nà gbogbo bí ẹni fọ́n irúgbìn. Bí ó bá fọ́nká, yóò rí bí eérú, bí ó bá sún mọ́ra, yóò ṣú. Òwú iṣẹ́ yìí sábà máa ń ní ẹ̀ka 6: ya ẹ̀ka 1 fún ọrùn, kí o sì lo 3 fún apá. Dá ojú aṣọ sí fún àwọn àmì náà, nítorí òwú funfun tètè máa ń dọ̀tí lórí dúdú.

Aránṣọ Agbádá dáhùn:
Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi, n kò fara mọ́ èyí tí ẹ sọ kẹ́yìn. Ojú aṣọ tí a dá sí láàárín òwú tí ó nípọn yóò dà bí ihò, bẹ́ẹ̀ sì ni àmì ẹtù kì í ṣe ihò. Ẹ wo agbádá funfun tí a fi òwú funfun ṣe ọnà sí lọ́rùn àti lápò: àwọ̀ kan náà ni, síbẹ̀ ọnà náà hàn láti òkèèrè nítorí pé òwú rẹ̀ ga ju aṣọ lọ. Kókó funfun ni kí ó lò, kí ó sì jẹ́ ohun tí yóò ṣe kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn tí ó bá ti fọ ọwọ́.

Ọmọ Ọ̀gbọ̀ dáhùn:
Àwọn ará Ẹńgíláǹdì ọ̀rúndún 16 mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Òwú dúdú ni wọ́n fi ń ṣe ọnà sí ọrùn àti ọwọ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun. Ìrán wọn kan ń jẹ́ orúkọ Holbein, ayàwòrán ará Jámánì tí ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1543, nítorí pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ hàn nínú àwòrán rẹ̀. A ó fo àlàfo bí a bá ń rán an lọ, a ó sì dí àlàfo náà bí a bá ń bọ̀, tí iwájú àti ẹ̀yìn yóò fi rí bákan náà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí òwú dúdú tí o bá wọ́ gba ẹ̀yìn aṣọ funfun kọjá yóò hàn síwájú. Rẹ òwú rẹ sómi kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun, kí o wò ó bóyá yóò ṣí.

Abẹ́rẹ́ Kékeré fèsì:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo tẹ òwú mi mọ́ áńkáṣíìfù funfun lálẹ́ àná, ó sì ṣí rẹ́kẹrẹ̀kẹ. Òwú mìíràn ni n ó rà kí n tó tún ẹtù yìí bẹ̀rẹ̀, kókó funfun ni n ó sì fi parí rẹ̀; kí Màmá jọ̀wọ́ forí jì mí.