Ṣé ó léwu kí a máa fi ekòló inú àpótí ajílẹ̀ bọ́ adìyẹ ẹ̀yìnkùlé?

Ìyá Adùnní, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùsìn adìyẹ. Nítorí pé oúnjẹ adìyẹ ti wọ́n ju ohun tí ẹyin ń mú wọlé lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí sin ekòló nínú àpótí kan tí mo ń da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ wa sí. Mo ní àgbébọ̀ mélòó kan àti tòlótòló méjì, ọgbà kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹ̀. Aládùúgbò mi wá sọ pé ekòló a máa kó aràn ran adìyẹ. Ṣé òótọ́ ni, nígbà tó jẹ́ pé kò sí adìyẹ tí kì í fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ wá ekòló jẹ?

Olùsìn Adìyẹ:
Òótọ́ ni, ìyá wa, àmọ́ ohun tí ekòló jẹ ló ń fa ewu náà, kì í ṣe ekòló fúnra rẹ̀. Ẹyin aràn a máa bá ìgbẹ́ adìyẹ tó ní aràn jáde. Bí ekòló bá gbé e mì, yóò wà nínú rẹ̀ títí adìyẹ mìíràn yóò fi ṣà á jẹ. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí Syngamus ń gbà ràn nìyẹn, ìyẹn aràn ọ̀nà ọ̀fun tí í mú kí òròmọdìyẹ máa lanu, kí ó máa na ọrùn wá afẹ́fẹ́. Àwọn oríṣi aràn mìíràn tí ń jẹ́ Capillaria kò tilẹ̀ lè ran adìyẹ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gba inú ekòló kọjá. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ ń dà sínú àpótí yẹn gan-an ni kí ẹ dá dúró.

Bàbá Tòlótòló:
Ti tòlótòló yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Aràn kan wà tí ń jẹ́ Heterakis, tí kì í sábà pa adìyẹ lára, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí Histomonas a máa fara pamọ́ sínú ẹyin rẹ̀. Bí Histomonas bá dá wà lórí ilẹ̀, kì í pẹ́ kú. Nínú ẹyin Heterakis, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ekòló á sì máa gbé e kiri. Bó bá wọ inú tòlótòló, á ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì lè kú. Ní Amẹ́ríkà, oògùn nitarsone tí wọ́n fi ń dènà àrùn yìí kúrò lọ́jà ní ìparí ọdún 2015. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya tòlótòló sọ́tọ̀ kúrò lára adìyẹ, ẹ má sì fún un ní ekòló rárá.

Ìyá Adùnní, Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Bí mo bá bọ ekòló náà lórí iná ńkọ́?

Olùsìn Adìyẹ:
Bí ó bá hó dáadáa, aràn àti ẹyin rẹ̀ á kú. Àmọ́ iná kò lè mú òjé, májèlé inú bátìrì ọkọ̀, kúrò, nítorí náà ẹ má ṣe bu ilẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe sínú àpótí, nítorí ekòló a máa kó òjé jọ sára, òjé náà a sì máa dé inú ẹyin tí ẹ óò jẹ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé omi ló pọ̀ jù lára ekòló, àti pé kálísíọ̀mù rẹ̀ kò tó fún èèpo ẹyin, nítorí náà ìpápánu ni kó jẹ́ fún àgbébọ̀ yín. Ẹ fi èèpo oúnjẹ nìkan bẹ̀rẹ̀ àpótí tuntun, pẹ̀lú ekòló tí kò ti inú ti àtijọ́ wá. Ti àtijọ́, ẹ lò ó sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí adìyẹ kò ti lè dé.