Mo fẹ́ wa máṣíìnì ní Lọ́ńdọ̀nù: kí ni kí n mọ̀ kí n tó gbéra?

Ìbéèrè

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Oṣù kẹta mi rèé ní Peckham. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ni mo wá, físà mi sì gbà mí láyè láti ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wa ọ̀kadà n'Ìbàdàn. Mo fẹ́ ra máṣíìnì àlòkù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 125 cc, kí n máa fi gbé oúnjẹ lọ fún àwọn oníbàárà. Àwọn kan ní kí n ṣáà rà á kí n máa lọ, pé ẹni tó wa ọ̀kadà ní Dùgbẹ̀ kò sí ibi tí kò lè wà á. Àwọn mìíràn ní ojú títì ni n ó kú sí. Ewu wo ló wà níbẹ̀ gan-an? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Alábòójútó ẹgbẹ́

Ẹ káàbọ̀ sí Ìlú Ọba. Ẹ mú láísẹ́ǹsì Nàìjíríà yín jáde, kí ẹ wo lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. A ni ti máṣíìnì, B ni ti mọ́tò kékeré. Bí ó bá jẹ́ B nìkan ló wà níbẹ̀, kò fún yín láṣẹ láti wa máṣíìnì níhìn-ín, ì báà jẹ́ ogún ọdún lẹ ti ń wà á. Bí A bá wà níbẹ̀, oṣù 12 péré láti ìgbà tí ẹ di ará ìlú yìí ni òfin fi gbà á; lẹ́yìn náà kò níṣẹ́ mọ́.

Nítorí náà, ẹ gba provisional, láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀, lọ́wọ́ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. £34 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ ṣe CBT, ẹ̀kọ́ wíwa máṣíìnì tó jẹ́ dandan fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ìdánwò, ọjọ́ kan sì sábà máa ń tó o. Wọn yóò ní kí ẹ ka nọ́ńbà mọ́tò láti mítà 20, ẹ ó wa máṣíìnì nínú ọgbà wọn, lẹ́yìn náà ẹ ó jáde sójú títì pẹ̀lú olùkọ́, ó kéré tán wákàtí méjì. Bí ọwọ́ yín kò bá tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn, kò ní fún yín níwèé. Ẹ ó padà wá ni. Ọdún méjì ni ìwé náà ń lò. Máṣíìnì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 125 lọ, páálí L pupa, àmì ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀, gbọ́dọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé èrò, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gba motorway, títì ńlá tí wọ́n ti ń sáré.

Àwọn tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ka èyí, ẹ má tẹ̀lé wa dé ibẹ̀ o. Físà yín kò fàyè gba iṣẹ́ ara-ẹni, iṣẹ́ ara-ẹni sì ni wọ́n ka gbígbé oúnjẹ kiri sí. Ẹ má sì yá àkáǹtì tí ẹlòmíràn fi ń gba iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ lò.

Onímọ̀ ìnṣọ́ránsì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà. Oríṣi ìnṣọ́ránsì mẹ́ta lẹ ó rí. Ti àkọ́kọ́ wà fún ìrìn àjò tara ẹni. Ìkejì fi lílọ sí ibi iṣẹ́ àti bíbọ̀ kún un. Ìkẹta ni wọ́n ń pè ní *hire and reward*, òun ló bo ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti gbé nǹkan. Ó wọ́n ju méjì yòókù lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń ra ti àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń gbé oúnjẹ kiri. Ọlọ́pàá tó bá rí àpò oúnjẹ lẹ́yìn yín lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Bí ìnṣọ́ránsì kò bá bo iṣẹ́ náà, ìkan náà ni pẹ̀lú àìní rárá: £300, àmì ẹ̀ṣẹ̀ 6 lórí láísẹ́ǹsì, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé máṣíìnì. Àmì 12 láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n lè fòfin dè yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ mọ́ nìyẹn. Fóònù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń wà á náà, àmì 6 àti £200. Ẹ so fóònù mọ́ irin ọwọ́, kí ẹ sì dúró kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Olùkọ́ awakọ̀, South London

Ọdún mẹ́jọ yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹni tí kò wà á rí yóò ronú kó tó ṣe nǹkan. Ọwọ́ tiyín ti mọ̀ ọ́n wà, ti ilé ló sì mọ̀. Ọ̀tún ni Nàìjíríà ń gbà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Òsì ni wọ́n ń gbà níbí. Nígbà tí mọ́tò pọ̀ kò sí wàhálà, ẹ kàn ń tẹ̀lé wọn ni. Ìgbà tó ń pani ni ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú: ìdájí, ẹnu ilé epo tí ẹ ń jáde, àdúgbò tó dákẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ sílẹ̀ tí ẹ ń yí padà. Ara yóò fà yín sí ọ̀tún láìbéèrè. Kí ẹ tó gbéra, ẹ wo ìlà àárín títì: apá ọ̀tún yín ló gbọ́dọ̀ máa wà, nígbà gbogbo.

Yíyà sí ọ̀tún ló ń gé títì kọjá níbí, kì í ṣe yíyà sí òsì. Ẹ wo dígí, ẹ tan tíráfíkétọ̀, kí ẹ sì bojú wẹ̀yìn lórí èjìká ọ̀tún kí ẹ tó yà, nítorí ẹnì kan lè ti máa yà yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ní róńdábáòtù, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí lẹ ó yí, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún ló ni ọ̀nà. Bí ẹ bá ń lọ tààrà, ẹ má tan iná kankan bí ẹ ṣe ń wọlé. Ẹ tan ti òsì nígbà tí ẹ bá ti kọjá ojú ọ̀nà tó ṣáájú tiyín.

Ohun mìíràn tó yí padà tí àwọn ènìyàn kì í rò: apá ọ̀tún ni awakọ̀ jókòó sí. Nílé, ẹ mọ̀ pé apá ọ̀tún tírélà ni awakọ̀ kì í ríran sí. Níbí, apá òsì ni. Ẹ má wọ àárín tírélà àti etí títì láé, pàápàá ní iná oríta. Bí ó bá yà sí òsì, kò sí ibi tí ẹ ó sá sí. Òfin gbà kí ẹ gba àárín mọ́tò tó dúró kọjá, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Bí àlàfo bá ṣàdédé yọ láàárín wọn, ẹnì kan ló ń fún mọ́tò mìíràn láyè láti já síta, iwájú yín gan-an ló sì máa já sí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an. Ṣé èyí tó ní jíà ni kí n rà, àbí sùkútà?

Mẹkáníìkì máṣíìnì

Àbúrò, méjèèjì ní páńpẹ́ tirẹ̀ fún ọlọ́kadà. Lára sùkútà, ọwọ́ òsì ni bíréèkì ẹ̀yìn, níbi tí o ti mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì wà. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, o ó fún un pọ̀ bí ẹni ń fún kílọ́ọ̀ṣì, táyà ẹ̀yìn á há, á sì yọ̀ lọ. Ti onígíà ńkọ́? Àwọn máṣíìnì kan nílé, ìsàlẹ̀ ni gbogbo jíà wọn ń wọ̀. Níbí, ọ̀kan nísàlẹ̀, ìyókù lókè. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó lè sáré sí i, ṣe lo já a wá sí jíà kékeré. Ó yẹ kí o wa èyíkéyìí tí o bá mú nínú ọgbà títí ọwọ́ á fi gbàgbé ti àtijọ́.

Tí o bá ń ra àlòkù, wá èyí tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí o bá fún bíréèkì) tàbí bíréèkì tó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Láti 2017 ni gbogbo 125 tuntun ti ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Fi nọ́ńbà rẹ̀ yẹ ìtàn MOT, àyẹ̀wò bóyá ọkọ̀ dára fún títì, wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí gov.uk (ìkànnì ìjọba), lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe MOT lọ́dọọdún. Owó títì ẹni tó tà á fún ọ kì í tẹ̀lé e, ìwọ ló máa san tìẹ kó tó kan títì. Ojú táyà kò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 1, ṣùgbọ́n nínú òjò ibí, má dúró kó tó bẹ́ẹ̀ kí o tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ìwé òfin ojú pópó sọ pé máìlì 30 ní wákàtí kan gba mítà 23 kí o tó dúró. Bí òjò bá mú ojú títì tutù, bíréèkì á gbà tó ìlọ́po méjì. Bí yìnyín bá wà, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ibi tó ń yọ̀ jù ni ìdérí kòtò onírin, àwọ̀ funfun ojú títì, epo dísẹ́ẹ̀lì tó dànù nítòsí ilé epo, àti ewé tó jẹrà ní oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá. Má ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, má sì fún bíréèkì lórí wọn.

Ìyá Ìbejì, Woolwich

Ẹ má gbàgbé òtútù. Ìka tí òtútù ti mú kú kò lè mọ bí ó ṣe ń fún bíréèkì tó. Ìbọ̀wọ́ tí omi kò wọ̀, àpò ìbòwọ́ tí wọ́n ń so mọ́ irin ọwọ́, àti ohun tí wọ́n ń fi sínú dígí akoto kí èémí má bàa bò ó. Ẹ ra akoto tó ní àmì ààbò ECE 22.06 tàbí 22.05. Ẹ má ra àlòkù akoto, ẹ kò mọ̀ bóyá ó ti já lulẹ̀ rí.

Àwọn olè náà wà o. Ẹ̀wọ̀n tó nípọn tó gba inú férémù àti táyà ẹ̀yìn, tí ẹ so mọ́ irin tí kò ṣe é gbé, kò sì gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀, torí ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé kí wọ́n tó fọ́ ọ. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sára rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ sáré gbé oúnjẹ wọlé. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń dúró dè.

Olùbéèrè

Ẹ kú àánú mi. Mo wò ó, B nìkan ló wà lára tèmi.

Alábòójútó ẹgbẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ provisional lónìí nìyẹn, kí ẹ sì má ra máṣíìnì kankan ṣáájú CBT. Ilé ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń yá yín ní máṣíìnì àti akoto fún ọjọ́ náà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní sùkútà àti onígíà, kí ẹ wa méjèèjì nínú ọgbà wọn. Kí ẹ tó sanwó máṣíìnì, ẹ béèrè iye *hire and reward* lórí nọ́ńbà rẹ̀ gan-an. Bí iye yẹn bá jẹ gbogbo èrè tí ẹ ń retí, kẹ̀kẹ́ oníná tí òfin gbà, èyí tí agbára rẹ̀ kò ju 250 wáàtì lọ, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í tì í kọjá máìlì 15.5 ní wákàtí, kò nílò láísẹ́ǹsì. Ẹ wo ìyẹn náà.