Ìró Abẹ́ Ilẹ̀: Ta Ló Ti Gbọ́ Ọ Rí ní Agbègbè Wa?

Àgbẹ̀ Ìgbájà: Ẹ̀yin ará ilé, mo fẹ́ mọ ẹni tó ti gbọ́ ìró láti abẹ́ ilẹ̀ rí, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti gbogbo Gúúsù Kwara. Ní oko wa, ìró kan máa ń dún gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ààrá, nítorí pé ojú ọ̀run a mọ́ kedere. Mo ti rí i tí omi inú agbada tí a rẹ ẹ̀gẹ́ sí gbọ̀n, tí òrùka kéékèèké ń ti àárín lọ sí etí agbada, kí ìró náà tó dé etí mi.

Dẹ́rẹ́bà Àjàsẹ́: Àwọn tó ń fọ́ òkúta ni.

Àgbẹ̀ Ìgbájà: Ọ̀sán ni àwọn yẹn máa ń yin ẹ̀tù wọn. Eléyìí máa ń dún kí a tó kírun àsùbáà.

Bàbá Òkè Sobi: Nígbà èwe wa, lásìkò ọyẹ́, àpáta máa ń dún lóru débi pé àwọn ajá á gbó. Bàbá mi àgbà a ní kí a dákẹ́, kí á má ṣe bèèrè ohunkóhun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a máa ń rí ibi tí awẹ́ àpáta ti ṣí kúrò lára ìyókù, tí abẹ́ rẹ̀ sì funfun.

Ọmọ Jiọ́lọ́jì: Bàbá, òótọ́ ni. Oòrùn ọ̀sán a mú kí ojú àpáta wú, òtútù òru a sì mú un súnkì, títí awẹ́ òkè yóò fi ya kúrò lára tìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìgbájà, omi tó gbọ̀n ṣáájú yẹn ṣe pàtàkì. Inú òkúta líle bíi tiwa ni ìmìtìtì ti máa ń sáré bíi kìlómítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ìró inú afẹ́fẹ́ kì í ju nǹkan bíi mítà 340 lọ. Bí omi bá tún gbọ̀n, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ ìró. Bí ó bá tó mẹ́ta, ibi tí ó ti wá yóò jìnnà tó kìlómítà kan. Bí méjèèjì bá dé pọ̀, ó lè jẹ́ pé abẹ́ yín gan-an ni.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀mù-Àrán: Tiyín sàn, nítorí pé ó ń dún, ó sì ń dákẹ́. Ṣe ni tèmi máa ń kùn láti nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ títí di ìdájí, bí ìgbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì tírélà sílẹ̀ ní àdúgbò kejì tí kò sì lọ. Bí mo bá jáde síta, n kì í gbọ́ ọ mọ́. Bí mo bá wọ yàrá tí mo ti ilẹ̀kùn, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo fi òwú di etí méjèèjì, kò dínkù. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń rìn mí ní àtẹ́lẹwọ́. Baálé mi kò gbọ́ nǹkan kan, àwọn ọmọ náà kò gbọ́, ni ẹbí bá ní kí wọ́n mú mi lọ fún àdúrà. Dókítà yẹ etí mi wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Àìsùn náà ń dùn mí, ṣùgbọ́n pé ará ilé mi kò gbà mí gbọ́ dùn mí jù ú lọ.

Àǹtí Tanke: Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà yín gbọ́.

Bàbá Ṣọlá, Ọ̀fà: Ẹ má bínú o. Ohun tí ẹnì kan ń gbọ́ tí ẹni tó sùn tì í kò gbọ́, inú etí ló wà.

Àǹtí Tanke: Bàbá Ṣọlá, etí kò dọ́gba. Ìró tó rẹlẹ̀ gan-an, ẹlòmíràn kì í gbọ́ ọ rárá.

Ọmọ Jiọ́lọ́jì: Ní Taos, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí irú kíkùn yìí ní ọdún 1993, bíi ènìyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń gbọ́ ọ, wọn kò sì rí orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Windsor, ní Kánádà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ìlú fi ń ké pé nǹkan ń kùn. Nígbà tí wọ́n pa iná ìléru irin tó wà ní òdìkejì odò ní ọdún 2020, kíkùn náà dáwọ́ dúró.

Dẹ́rẹ́bà Àjàsẹ́: Mo wà ní Mpape, ní Àbújá, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ó dún gbòà, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n, gbogbo wa sì sá síta. Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ káàkiri ló fà á.

Ọmọ Jiọ́lọ́jì: Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ mẹ́nu ba kànga ẹ̀rọ àti fífọ́ àpáta lóòótọ́. Àmọ́ ilẹ̀ mì ní Kwoi, ní Kàdúná, ní ọdún 2016, ìlú kékeré sì ni, kànga ẹ̀rọ ibẹ̀ kò lè pọ̀ tó ti Àbújá. Ìlà ibi tí òkúta ti sán lábẹ́ ilẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wò.

Dẹ́rẹ́bà Àjàsẹ́: Kànga ni mo ṣì dì mú.

Bàbá Òkè Sobi: Ẹ jẹ́ kí á dá ìyàwó wa lóhùn ná. Ìyá Ìbejì, kí ló wà nítòsí yín tó ń ṣiṣẹ́ lóru?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀mù-Àrán: Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ó jìnnà díẹ̀ sí wa. A kì í gbọ́ ọ lọ́sàn-án rárá.

Ọmọ Jiọ́lọ́jì: Lóru, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ máa ń tutù ju tòkè lọ, ó sì ń tẹ ìró padà sí ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ohun ọ̀nà jíjìn, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ìró tó rẹlẹ̀ a sì máa gba ara ògiri kọjá, kí ó tó wá pọ̀ sí i nínú yàrá tí a tì.

Bàbá Ṣọlá, Ọ̀fà: Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà tí ó ṣì ń kùn ńkọ́?

Ọmọ Jiọ́lọ́jì: Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kokomo, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2003. Wọ́n rí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ méjì tó ń kùn, wọ́n tún wọn ṣe, àwọn kan sì ṣì ń gbọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀mù-Àrán: Mo ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbà láti pa ẹ̀rọ náà fún wákàtí kan ní alẹ́ Sátidé, baálé mi yóò sì jókòó tì mí nínú yàrá.

Àǹtí Tanke: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín ìgbà tí wọ́n bá pa á. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ.