Ẹ̀wù àdìrẹ mẹ́ta fún òkú kan: ìrírí wa lẹ́yìn kámẹ́rà ní Abẹ́òkúta

Ìrírí kìíní, láti ọwọ́ ẹni tó ń mójú tó aṣọ òṣèré

Nínú eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ alápá púpọ̀ tí a yà fún tẹlifíṣọ̀n ní ìlú wa, wọ́n pa ọkùnrin kan, ẹ̀wù àdìrẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n sì fi tọpasẹ̀ apànìyàn. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé ẹ̀wù kan ṣoṣo ti tó. Kò tó rárá. A kì í ya ìran bí ìtàn ṣe tẹ̀ léra, ibi tí àyè bá ti kọ́kọ́ gbà wá ni a ń yà, nítorí náà ni òṣèré náà fi kú lọ́jọ́ Ajé, tó sì tún wà láàyè lọ́jọ́bọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá Òkè Olúmọ. Ẹ̀wù kan gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, èkejì ni yóò gba ẹ̀jẹ̀, a ó sì fi ẹ̀kẹta pamọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá dà síbi tí kò yẹ.

Mo lọ sí Ìtòkú, mo bá ìyá àgbà kan tó ń ta àdìrẹ, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wá mẹ́ta tí kò yàtọ̀ síra. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ni a fi ń di oníko, ìdì méjì kì í bára mu." Wọ́n tẹ́ oníko méjì, ìyẹn àdìrẹ tí a fi okùn dì kí a tó rì í bọ aró, síwájú mi: òṣùpá inú ọ̀kan rí roboto, ti èkejì gùn díẹ̀ bí ẹyin. Ẹni tó ń kọjá lọ lè má kíyè sí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó bá sún mọ́ àyà òkú yóò rí i. Màmá ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá àwọn díẹ̀ tó ṣì ń fi páànù ṣe ẹlẹ́kọ lọ. Wọ́n á gé àwòrán sára páànù, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ láfún kùn ún. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un. Wọ́n tún kìlọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò aró kan náà lọ́jọ́ kan náà, torí iye ìgbà tí a bá rì í bọ aró ni yóò sọ bí yóò ṣe dúdú tó. Ìmọ̀ràn yẹn wúlò fún mi ju gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nídìí eré lọ.

Lọ́jọ́ tí a máa ya òkú, omi ṣúgà tó ki, àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó àti ìyẹ̀fun kòkó díẹ̀ ni a fi po ẹ̀jẹ̀. Lára aṣọ funfun, ẹ̀jẹ̀ gidi ni. Lára aró, ó dúdú, bí ẹni pé omi lásán ló dà síbẹ̀. Olùdarí wa fẹ́ kí a pààrọ̀ aṣọ. Mo bẹ̀ wọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, mo po òmíràn láìsí kòkó, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí ara àwòrán ẹyẹ funfun kan ní igbá àyà ẹ̀wù náà. Ẹyẹ náà pọ́n dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ẹni tó kọ eré rí i, ó tún ọ̀rọ̀ kọ, ẹyẹ pupa yẹn sì di ẹ̀rí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé lọ sí kóòtù.

Ìrírí kejì, láti ọwọ́ òṣèré tó ṣe ọlọ́pàá

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gba òṣèré láàyè láti wọ aṣọ ọlọ́pàá láìgba ìyọ̀ǹda ọ̀gá àgbà wọn. A gbà á, síbẹ̀ wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Kútọ̀, mo gbàgbé láti da agbádá bò ó. Ìyá kan sáré tọ̀ mí wá pé wọ́n jí ẹ̀rọ ìránṣọ òun gbé. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, eré ni à ń ṣe." Wọn kò gbà á gbọ́, wọ́n kàn di apá mi mú. Mo sin wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá gidi, lẹ́yìn tí mo ti bọ́ aṣọ náà. Ojú ìyá yẹn ni mo ń rí nígbà tí mo ń ṣe ìran tí a ti ń fọ̀rọ̀ wá opó olóògbé lẹ́nu wò.

Ìrírí kẹta, láti ọwọ́ ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀

Lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn á dúró bí ère fún ìṣẹ́jú kan kí n lè gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá, ìyẹn ìró ibi tí a wà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, èyí tí a fi ń dí àlàfo ọ̀rọ̀. Ní Láfẹ́ńwá, ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó rí i gbà.