Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ajá mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ajá mi ti dàgbà, làkúrègbé sì ti ba ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan jẹ́. Tó bá fẹ́ dìde láàárọ̀, á ká ẹsẹ̀ náà sókè, á máa gbọ̀n, kó tó fi mẹ́ta yòókù tiro jáde. A ti lo oògùn ìrora, a sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù kó lè fúyẹ́. Kò tó. Dókítà ẹranko ní ká gé e. Ẹ̀rù ń bà mí, torí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ajá, ìbàdí rẹ̀ náà sì ti ń le. Ẹ̀yin tí ajá yín rí bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ sì gé e, ṣé ara tù ú lẹ́yìn náà? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.