Ìmọ̀ràn lórí títúmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ láti èdè Jámánì sí Gẹ̀ẹ́sì

Ògbifọ̀ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Oníbàárà kan tó ń kó pọ́ǹpù omi láti Jámánì wọ Àjàṣẹ́ gbé ìwé ìlò rẹ̀ fún mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òdìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á wà, wọn kò sì gbọ́ Faransé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lẹ̀ mọ́ra wọn di ẹyọ kan nínú ìwé náà. Bí mo bá kọ́kọ́ tú gbólóhùn sí Faransé tí ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí padà lójú ọ̀nà. Irinṣẹ́ wo àti ọ̀nà wo ni ẹ lè júwe fún mi?

Ẹ̀gbọ́n Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gba ọ̀nà Faransé kọjá rárá. Ẹ lọ sórí EUR-Lex, ìkànnì ayélujára níbi tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń kó àwọn òfin rẹ̀ sí, kí ẹ ṣí òfin ẹ̀rọ 2006/42/EC, kí ẹ sì tò ó ní èdè mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí Jámánì ti kọ “bestimmungsgemäße Verwendung”, “usage normal” ni Faransé kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n “intended use” ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti ọwọ́ Faransé gbà á yóò kọ “normal use”, òǹkàwé yóò sì rò pé ohun tí gbogbo ènìyàn sábà máa ń fi pọ́ǹpù ṣe ni à ń wí, nígbà tó jẹ́ pé kìkì ohun tí ìwé ìlò náà là sílẹ̀ ni. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ènìyàn léṣe, orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ máa ń dá lé. Fún ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ lo IATE, àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Fún ti iná mànàmáná, ẹ lo Electropedia, àkójọ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná lórí ayélujára ti IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà ohun èlò iná.

Ọmọ Ṣábẹ̀:
Mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi Linguee, tó ń kó gbólóhùn tí àwọn ènìyàn ti túmọ̀ jọ, àti dict.cc, ìwé atúmọ̀ èdè orí ayélujára, kún un, àmọ́ ẹ máa wo ibi tí Linguee ti mú gbólóhùn wá, nítorí ìtumọ̀ tí kò dára náà wà níbẹ̀.

Alátùn-únṣe Pọ́ǹpù:
Èmi tí mo ń tú pọ́ǹpù lójoojúmọ́ mọ̀ pé ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kò tó. Ẹ wo “Anzugsmoment”. Bó bá wà nídìí bóòtù, agbára tí a ó fi sípánà dè é ni, “tightening torque”. Bó bá wà nínú àlàyé ẹ́ńjìnnì iná, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbéra ni, “starting torque”. Nm (newton-metre) ni wọ́n fi ń wọn méjèèjì, nítorí náà òǹkà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ta yín lólobó. Àwòrán ni kí ẹ wò. Bí ẹnìkan bá gbé òǹkà ti ẹ́ńjìnnì lé sípánà, bóòtù lè já sínú irin. Ẹ tún ṣọ́ àmì inú òǹkà: “1.500” lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹyọ kan àti ààbọ̀ ni ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì yóò kà á sí.

Ògbifọ̀ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun gidigidi. “Nach 50 Betriebsstunden sind die Schrauben nachzuziehen” ńkọ́? Irú rẹ̀ kún inú ìwé náà, mo sì ń kọ “are to be retightened”, ó wúwo lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n Kétu:
Àṣẹ ni, ẹ pa á bí àṣẹ: “Retighten the bolts after 50 operating hours.” Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tó ní “ist” tàbí “sind” pẹ̀lú “zu”, jẹ́ àṣẹ. “Das Ventil ist von Hand zu öffnen” lè jẹ́ pé ọwọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi ṣí fáàfù náà, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ lè ṣí i. Bí àwòrán kò bá là á, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe pọ́ǹpù náà kí ẹ tó yan ọ̀kan.