Ìdá 4 nínú 100 kì í ṣe ti gbogbo wa: bí a ṣe ń wọn àǹfààní ẹni ní yunifásítì tó ṣòro wọ̀ ní Amẹ́ríkà

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọdún kẹta girama ni mo wà. SAT (ìdánwò ìwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà, 1600 ni òpin máàkì rẹ̀) 1520 ló wà nílẹ̀, A ni gbogbo èsì kíláàsì àfi B kan péré nínú físíìsì. Yunifásítì tó wà lọ́kàn mi ń gba ìdá 4 nínú 100 àwọn tó ń kọ̀wé sí i. Ṣé ìdá 4 náà ni àǹfààní mi? Tí mo bá kọ̀wé sí mẹ́wàá irú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ọ̀kan kò ní bọ́ sí i? Ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe rí gan-an ni kí ẹ sọ, ẹ má wulẹ̀ tù mí nínú.

Ẹ̀gbọ́n Oníwèé

Àbúrò, àpapọ̀ ni ìdá 4 yẹn. Wọ́n da gbogbo èèyàn sínú ìkòkò kan kí wọ́n tó kà wọ́n. Ní 2024, èèyàn 54,008 ló kọ̀wé sí Harvard, 1,937 ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n pe Harvard lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, èyí tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní oṣù kẹfà 2023, ti gbé ìwé inú ilé síta, a sì rí bí ìkòkò náà ṣe rí nínú. Àwọn eléré ìdárayá tí kóòṣì fúnra rẹ̀ fà kalẹ̀, àwọn tí bàbá tàbí ìyá wọn kàwé jáde níbẹ̀, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àti àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìgbàwọlé, gbogbo wọn ní ìlà tiwọn. Láwọn ọdún tí ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lára àwọn tí òbí wọn jáde níbẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú ìlà kankan wà ní nǹkan bí ìdá 6 láwọn ọdún yẹn kan náà, nígbà tí ìdá àpapọ̀ ṣì ga ju ti 2024 lọ.

Máàkì pípé kò tún ya èèyàn sọ́tọ̀. Nínú àwọn 26,000 tí wọ́n kọ̀wé láti inú Amẹ́ríkà fún àwọn tó máa jáde ní 2019, ó lé ní 8,000 tí èsì kíláàsì wọn pé pérépéré, nǹkan bí 2,700 ló sì gba gbogbo máàkì ìwé kíkà nínú SAT. Gbogbo ẹni tí wọ́n gbà lọ́dún náà, tòkè-òkun tilé, jẹ́ nǹkan bí 2,000.

Torí náà, kí o tó ṣírò ohunkóhun, wo àwọn tí ẹ jọ ń du àyè. Bí kóòṣì kan kò bá mọ̀ ẹ́, tí òbí rẹ kò sì jáde níbẹ̀, yọ àwọn ìlà wọ̀nyẹn kúrò. Inú èyí tó kù lo wà, ó sì máa ń kéré sí ìdá tí wọ́n ń polówó.

Ibi tí òǹkà wà rèé: tẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà sórí Google, fi "Common Data Set" (ìwé òǹkà tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń gbé jáde lọ́dọọdún) àti ọdún tẹ̀ lé e, kí o sì lọ tààrà sí apá C. C1 ló ń sọ iye tó kọ̀wé, iye tí wọ́n gbà àti iye tó wọlé. C7 jẹ́ tábìlì tó ń fi hàn bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo sí lọ́wọ́ wọn: ìwé kíkà, àròkọ, lẹ́tà olùkọ́, òbí tó jáde níbẹ̀, bí o ṣe ń fi ìfẹ́ hàn sí wọn. Bí wọ́n bá kọ síbẹ̀ pé àwọn kò wo ìfẹ́ tí èèyàn ń fi hàn, gbogbo ímeèlì àti ìbẹ̀wò rẹ kò fi ẹyọ kan kún un.

C9, tó ń kọ máàkì SAT àwọn tó wọlé, ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ká ní o rí 1500 àti 1560 níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ìdá 25 nínú àwọn tó wọlé gba 1500 tàbí kó dín, ìdá 25 mìíràn sì gba 1560 tàbí kó lé. 1520 rẹ bọ́ sáàárín wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé wọ́n máa gba ìdajì àwọn tó ní 1520. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ 1500 yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló gba ìlà tí mo dárúkọ lókè wọlé. Níbi tí kò ti pọn dandan láti fi SAT ránṣẹ́, wo ìdá àwọn tó fi ránṣẹ́. C9 kan náà ló wà. Bó bá jẹ́ ìdajì péré, àwọn tí máàkì wọn wálẹ̀ ti fi tiwọn pamọ́, òǹkà méjèèjì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. MIT tún sọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ di dandan ní 2022, Dartmouth, Yale, Brown àti Harvard kéde tiwọn ní 2024, nítorí náà má fi òǹkà tó ṣáájú wé èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn University of California kò wo SAT rárá.

Tíṣà Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n ti la ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yẹn.

Ká ní ìdá 5 ni àǹfààní rẹ níbi kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má gbà ẹ́ jẹ́ 0.95. Sọ 0.95 di ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, ó di 0.60. Ó jọ pé ìdá 40 ló kù kí ọ̀kan gbà ẹ́. Ìṣirò náà kò ní àbùkù, ibi tí wọ́n ń lò ó sí ni kò bá a mu. Tí o bá ju owó ẹyọ sókè, jíjù àkọ́kọ́ kò mọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Fáìlì rẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Àròkọ kan náà, lẹ́tà olùkọ́ kan náà, B inú físíìsì kan náà ló ń lọ síbi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹni kẹwàá náà máa rí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gba lẹ́tà mẹ́rin tí àwọn mìíràn kò rí ẹyọ kan.

Èyí tó tún yẹ kí a tú wò ni Early Decision, níbi tí o ti fọwọ́ sí i pé bí wọ́n bá gbà ẹ́, o ti ń lọ nìyẹn. C21 ló ń kọ òǹkà rẹ̀. Mo máa fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ kan pàtó: 3,000 kọ̀wé ní Early Decision, wọ́n gba 500, ìdá 17. Nígbà tó yá, 27,000 kọ̀wé, wọ́n gba 1,200, ìdá 4.4. Ojú kọ́kọ́ máa rí i bí ìlọ́po mẹ́rin. Wàyí o, nínú 500 yẹn, ká ní 150 jẹ́ eléré ìdárayá tí wọ́n ti yẹ èsì wọn wò kí wọ́n tó ní kí wọ́n kọ̀wé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń wọlé. Ká ní 250 tí òbí wọn jáde níbẹ̀ kọ̀wé, wọ́n gba 100. Ó ku 2,600 tó ń du àyè 250, ó di ìdá 9.6. Ó ṣì ju ìlọ́po méjì lọ, ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́rin. Ibì kan ṣoṣo lo lè lò ó sí, má fi ṣòfò lórí ilé tí C9 ti fi hàn pé o jìnnà sí.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Owó ni mo fẹ́ fi kún un, torí òun ni àwọn ọmọ ń gbàgbé. Fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst wà lára ìwọ̀nba ilé tí kì í wo bóyá o nílò ìrànwọ́ owó kí wọ́n tó gbà ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, bí o bá ti tọrọ owó, ìlà rẹ ti yí padà, ìdá tí wọ́n kọ sí C1 kò sì ní sọ ọ́. Má tìtorí rẹ̀ purọ́ lórí fọ́ọ̀mù pé owó wà o. Ẹni tó bá wọlé láìtọrọ rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò tún lè padà wá tọrọ rẹ̀ lọ́dún kejì.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní tirẹ̀. North Carolina ní Chapel Hill kì í jẹ́ kí àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn kọjá ìdá 18 nínú àwọn tó ń wọlé lọ́dún. Ìdá tí wọ́n polówó lè dùn ún wò, kí ó má sì kàn ẹ́.

Olùdámọ̀ràn Ilé Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sórí B inú físíìsì. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka fáìlì, B nínú físíìsì tó le jù nílé ìwé yín àti B nínú èyí tó rọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nínú fọ́ọ̀mù tí ilé ìwé máa fi ránṣẹ́ lórí Common App (ojú òpó kan tí a fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ yunifásítì), wọ́n máa ń bi olùdámọ̀ràn pé báwo ni kọ́ọ̀sì tí ọmọ yìí yàn ṣe le sí, tí a bá fi wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó máa fàlà sí ọ̀kan, láti orí èyí tó le jù. Bí ilé ìwé bá ní kọ́ọ̀sì AP (kọ́ọ̀sì ìpele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní girama) 14, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣe 9, tí ìwọ ṣe 4, A rẹ kò lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Lọ bi olùdámọ̀ràn rẹ nísinsìnyí ibi tó máa fàlà sí, kí ó tó di pé kọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀ ti wà ní títì.

Àwọn ilé ìwé kan ní Naviance tàbí Scoir, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi àmì kéékèèké hàn fún àwọn tó ti kọ̀wé ṣáájú: àwọ̀ ewé fún ẹni tí wọ́n gbà, pupa fún ẹni tí wọ́n kọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n àmì àwọ̀ ewé tó dá wà nísàlẹ̀ pátápátá lè jẹ́ ti eléré bọ́ọ̀lù, kò sì sí ohun tó máa sọ fún ẹ. Bí àmì náà kò bá tó ogún, má gbára lé e.

Iṣẹ́ òde kíláàsì: àyè mẹ́wàá ni Common App fún ẹ, lẹ́tà ábídí 150 péré ni ìkọ̀ọ̀kan gbà fún àlàyé. "Mo jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ìṣirò, mo ń darí ìpàdé" kò sọ nǹkan kan. "Mo kọ́ ọmọ 14 ní ìṣirò ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ 30, mo kọ ìwé ìdánrawò tí kíláàsì mẹ́ta ń lò" wọnú ààyè kan náà, ẹni tó ń kà á sì rí ọmọ náà. Kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ báyìí, kí o fún ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rárá kà. Bí kò bá lè sọ ohun tó yà ẹ́ sọ́tọ̀, ka ara rẹ mọ́ ìdá tó wà ní C1 tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Báwo wá ni kí n ṣe to mẹ́wàá náà?

Ẹ̀gbọ́n Oníwèé

Ilé tó bá ń gbà tó dín ní ìdá 15, kà á sí èyí tó le, kódà bí o bá gba 1600. Má jẹ́ kó ju mẹ́rin lọ. Mẹ́rin mìíràn, kí 1520 rẹ wà lókè ìdajì C9 wọn, kí wọ́n sì máa gbà tó ìdá 25 sí 50. Méjì tó kù, kí máàkì rẹ ju òǹkà òkè C9 wọn lọ, kí wọ́n gba ju ìdajì àwọn tó ń kọ̀wé, kí owó wọn ká ẹ lápá, kí ó sì jẹ́ ibi tí wàá lọ tayọ̀tayọ̀. Àwọn méjì yìí ni kí o kọ́kọ́ wá.

Tíṣà Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí ó wo C2 náà, ẹ̀gbọ́n, èyí tó wà fún àwọn tí wọn kò tíì gbà tí wọn kò sì kọ̀, tí wọ́n ní kó dúró bóyá àyè máa ṣí. Òǹkà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: iye tí wọ́n ní kó dúró, iye tó gbà láti dúró, àti iye tí wọ́n wá gbà nínú wọn. Kó wò ó fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán, torí ó máa ń fò sókè sódò. Ilé kan náà lè mú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan, kó má mú ẹnì kankan lọ́dún kejì. Bí lẹ́tà "dúró ná" bá dé, kó san owó tí a fi ń di àyè mú sí ilé mìíràn tó ti gbà á kí oṣù karùn-ún tó wọlé.